Ọkọ̀ ojú omi kì í pariwo pé èrò ti pọ̀ jù

Bí èèyàn bá wọ ilé alájà púpọ̀ tó ní líìfìtì ní Allen Avenue, n'Ikẹja, yóò rí irin pẹlẹbẹ kan nínú ẹ̀rọ náà. Ohun méjì ni wọ́n máa ń kọ sí i: iye èèyàn àti iye kílò. Irú èyí tó wà fún èèyàn 8 sábà máa ń jẹ́ ti kílò 630. Bí èrò bá pọ̀ jù, ẹ̀rọ náà yóò pariwo, kò sì ní í gbéra títí ẹnìkan yóò fi bọ́ sílẹ̀.

Lópin ọ̀sẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ Ikẹja wà lára àwọn tó ń wọkọ̀ ojú omi lọ najú ní Tarkwa Bay tàbí Ilashe. Ọkọ̀ yìí náà ní iye tí agbára rẹ̀ gbé, ṣùgbọ́n òun kì í pariwo. Àwọn èrò inú rẹ̀ ló máa ń pariwo, nígbà tí ẹ̀pa kò bá bóró mọ́.

Iye yìí kì í ṣe iye àga. Bí ọkọ̀ bá ṣe ń wúwo sí i ni yóò máa rì sí i, tí etí rẹ̀ yóò sì máa sún mọ́ omi, títí ìgbì kékeré yóò fi máa dà sínú rẹ̀. Ibi tí ẹrù wà tún ṣe pàtàkì. Bí àwọn èrò bá dìde dúró, tàbí tí wọ́n sáré sí ẹ̀gbẹ́ kan náà, kò ní í pẹ́ dojú dé.

Ti ọkọ̀ ìgbòkun tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí atẹ́gùn tó ń tì í lọ náà ló ń tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Nínú àwọn kékeré, ara àwọn tó ń tu ọkọ̀ ni wọ́n fi ń mú un dúró. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé èèyàn 3 péré ló ń tu Lightning nínú ìdíje, bó tilẹ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 19. Ní Amẹ́ríkà, òfin mú un ní dandan kí ọkọ̀ ìgbafẹ́ ẹlẹ́ńjìnnì tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà 20 ní àkọlé iye tó lè gbé, ṣùgbọ́n òfin náà yọ ọkọ̀ ìgbòkun sílẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó ṣe ọkọ̀ náà ni ẹni tó ni ín ti gbọ́dọ̀ béèrè.

Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2002, ọkọ̀ Joola ti orílẹ̀-èdè Senegal dojú dé nítòsí Gambia. Nǹkan bí èèyàn 580 ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n àwọn tó kú lé ní 1,800.

Ti Ethan Allen yàtọ̀. Èrò 48 ni ìwé àṣẹ fún un láyè láti gbé. 47 ló gbé ní Lake George, l'Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 2, oṣù kẹwàá, ọdún 2005. Síbẹ̀ ó dojú dé, èèyàn 20 sì kú. Kílò 64 ni wọ́n fi ṣírò ara ẹnìkọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ àwọn èrò náà tóbi ju ìyẹn lọ, wọ́n sì ti ṣe àyípadà sí òrùlé ọkọ̀ náà. Ìwádìí fi hàn pé èrò 14 ló yẹ kó máa gbé. Lọ́dún 2011, Amẹ́ríkà sọ òṣùwọ̀n náà di kílò 84.

Nítorí náà, ẹrù náà yẹ ní kíkà. Líta omi kan jẹ́ kílò kan. Kúlà líta 70 tó kún fún ohun mímu àti yìnyín kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí àgbàlagbà kan. Kí ẹ tó wọkọ̀, ẹ béèrè iye tó ń gbé, ẹ ka èrò, ẹ wọ ẹ̀wù amúniléfòó, kí ẹ sì jókòó jẹ́ẹ́. Léraléra ni àjọ LASWA àti NIWA ń kìlọ̀ fún àwọn ọlọ́kọ̀ lórí àkójù. Bí iye bá ti kọjá, ẹ bọ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀. Ẹ̀mí kò ní ààrọ̀.