Ọkọ̀ Hébé: Òǹdè tí Ó Di Àwòkọ́ṣe

Ẹni tí ó bá ń ka ìtàn ogun tí àwọn Faransé àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá ara wọn jà lórí òkun ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún yóò máa bá orúkọ kan pàdé nígbà gbogbo, èyí ni fírígéètì. Kì í ṣe òun ni ó tóbi jù nínú àwọn ọkọ̀ ogun. Àwọn ọkọ̀ ńláńlá a máa ru àgbá ní àjà méjì tàbí mẹ́ta. Fírígéètì ní òpó ìgbòkun mẹ́ta bíi tiwọn, ṣùgbọ́n àjà kan ṣoṣo ni a to àwọn àgbá ńlá rẹ̀ sí. Eré ni iṣẹ́ rẹ̀: òun ni ojú fún àwọn ọkọ̀ ogun yòókù, òun ní í jíṣẹ́, òun ní í sin ọkọ̀ àwọn oníṣòwò, òun náà ní í lépa ti ọ̀tá.

Ọgbọ́n kan wà nínú bí a ti ń kàn án tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi kíyè sí. Lábẹ́ àjà tí àgbá wà, àwọn Faransé fi àjà mìíràn sí i tí kò ní àgbá rárá. Nípa báyìí, ihò àgbá ga sókè kúrò lójú omi. Nígbà tí òkun bá ń ru, ọkọ̀ ńlá a ti ilẹ̀kùn ihò ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi má baà ya wọlé. Fírígéètì a sì máa yin àgbá tirẹ̀ lọ.

Jacques-Noël Sané, ògbóǹtagí nínú iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn, ni ó ya àwòrán Hébé, tí a tì sínú omi ní Saint-Malo ní 1782. Ọta àwọn àgbá ńlá rẹ̀ wọn pọ́n-ùn 18, pọ́n-ùn Faransé ìgbà náà sì wúwo díẹ̀ ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ó ṣeni láàánú pé kò pé ọdún kan lórí omi tí ọ̀tá fi mú un. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún náà, Rainbow ti Gẹ̀ẹ́sì lé e bá. Ọkọ̀ ògbólógbòó ni Rainbow, ṣùgbọ́n àgbá kúkúrú ẹlẹ́nu gbàgàdà, tí wọ́n ń pè ní carronade, ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá Hébé rí bí ọta wọn ti tóbi tó, ó rò pé ọkọ̀ ńlá kan ni ó pa ara dà. Kò pẹ́ tí ó fi túúbá.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò tijú láti kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun. Wọ́n wọn Hébé láti iwájú dé ẹ̀yìn, wọ́n yà á sórí ìwé, wọ́n sì kan Leda (1800) bí i, àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Shannon, tí ó mú Chesapeake ti Amẹ́ríkà lórí òkun lẹ́bàá Boston ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà, 1813, láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 15.

Àléébù wà pẹ̀lú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa ráhùn pé igi ara ọkọ̀ Faransé fẹ́lẹ́, àti pé àyè oúnjẹ àti omi kò tó nínú rẹ̀. Lójú tèmi, ẹjọ́ yìí kò tọ́ pátápátá: nítorí eré ni Faransé ṣe kan tiwọn, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ní láti máa ṣọ́ ẹnu èbúté ọ̀tá fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Wọ́n sọ Hébé di Blonde ní 1805, wọ́n sì tú u palẹ̀ ní 1811. Ṣùgbọ́n méjì nínú irú-ọmọ rẹ̀ ṣì wà títí di òní. Trincomalee, tí a fi igi tíìkì kàn ní Bombay ní ilẹ̀ Íńdíà, tí a sì tì sínú omi ní 1817, wà ní Hartlepool. Unicorn, ti 1824, wà ní Dundee ní Scotland. A kò ta ìgbòkun sí èyí rí, òrùlé ni a kọ́ bò ó lẹ́yìn tí ó dé omi.