Ibo Ni Omi Ti Wọ Ẹ̀rọ Àńkù Mi?

Sílì kọ̀ńtẹ́nà yẹn kò já. Mo wo òrùlé, mo wo ẹ̀gbẹ́, mi ò rí ihò kankan tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n tú náílọ́ọ̀nù kúrò lára ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà nínú ẹ̀, ìpẹtà ti bo irin róbótó tó yẹ kó máa dán bíi dígí. Omi ṣì ń kán nídìí náílọ́ọ̀nù.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Àńkù, ló ra ẹ̀rọ náà láti Jámánì. Ó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kún tiẹ̀. Ó wojú mi, ó ní, "Pròfẹ́sọ̀, ìwọ tó ń ka sáyẹ́ǹsì, wá sọ fún mi. Ibo ni omi ti wọlé?"

Èmi kì í ṣe pròfẹ́sọ̀ o, másítàs nínú físíìsì ni mo ṣì ń ṣe. Mi ò rí èsì fún wọn lọ́jọ́ yẹn, ojú sì tì mí. Mo ti wá rí i báyìí. Mo ń kọ ọ́ síbí torí mo mọ̀ pé ẹlòmíì wà tó ń dúró de ẹrù lọ́wọ́lọ́wọ́.

Ẹni tó bá mọ Ṣómólú á mọ̀ pé ìlú atẹ̀wé ni. Ẹ gba Shipeolu wọlé, tàbí kí ẹ rìn gba Bajulaiye, ẹ ó máa gbọ́ ìró ẹ̀rọ láti ojúlé dé ojúlé: káàdì ìgbéyàwó, àlímánáákì, ìwé ètò ìsìnkú. Bàrígà tí mò ń gbé kò jìnnà síbẹ̀. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà. Ọ̀kan tí wọ́n mọ̀ bí ẹni mowó ni Heidelberg GTO, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Jámánì kọ́kọ́ gbé jáde ní 1972. Iye 52 tó wà lára orúkọ GTO 52, sẹ̀ǹtímítà ni, ó ń sọ bí bébà tó lè gbà ṣe tó. Ẹ̀rọ náà wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ.

Kì í ṣòní, kì í ṣàná la ti ń gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gba orí òkun wá. Henry Townsend dá ilé ìtẹ̀wé sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1854, ibẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní 1859. Nígbà yẹn, yanrìn ẹnu ọ̀sà Èkó kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé, ọkọ̀ kékeré ni wọ́n fi ń já ẹrù. Lónìí, Àpápá àti Tin Can ń gba kọ̀ńtẹ́nà, Lẹ́kí náà sì ti dara pọ̀ mọ́ wọn láti 2023. Ọ̀nà ti dára sí i, àmọ́ afẹ́fẹ́ òkun kò yí padà.

Inú afẹ́fẹ́ yẹn gan-an ni omi wà. Ẹ fojú inú wo àpótí kan tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, mítà kan ní fífẹ̀, mítà kan ní gíga. Tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá wà ní 30°C, ó lè gba oru omi tó nǹkan bíi gíráàmù 30. Tí ẹ bá mú un tutù dé 10°C, bíi gíráàmù 9 péré ló lè gbà mọ́. Ibo ni nǹkan bíi 20 tó kù máa gbà? Á di omi, á sì lẹ̀ mọ́ ohun tó bá tutù jù nítòsí. A máa ń sọ pé ìgò mínírà ń làágùn. Irọ́ ni, àbí? Afẹ́fẹ́ Èkó ló ń làágùn sí i lára.

Oṣù kìíní, nínú òtútù, ni wọ́n di ẹ̀rọ Àńkù. Irin tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ kì í tètè gbóná. Bí ọkọ̀ ṣe ń bọ̀ láti Yúróòpù, afẹ́fẹ́ ìta ń móoru, ó sì ń kún fún omi. Kọ̀ńtẹ́nà ní ihò ìmí kéékèèké. Tó bá gbóná lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ á fẹ̀, á jáde díẹ̀. Tó bá tutù lálẹ́, á fa ti ìta wọlé. Afẹ́fẹ́ tó wọlé yìí á bá irin tútù níbẹ̀, á sì sọ omi sí i lára.

Ọ̀nà kejì wá láti ara pákó. Tí pákó tí wọ́n gbé ẹ̀rọ lé bá tutù, oòrùn ọ̀sán á fa omi inú ẹ̀ jáde bí oru. Lálẹ́, páànù òkè kọ̀ńtẹ́nà ló máa kọ́kọ́ tutù. Oru á di omi níbẹ̀, á sì máa kán sílẹ̀ bí òjò. Òjò nínú àpótí tí kò ní ihò! Náílọ́ọ̀nù tí a rò pé ó ń dáàbò bo ẹ̀rọ náà ló wá há omi mọ́ ọn.

Ẹ lè ní, "Ìpẹtà lásán, ẹ fi sáńpépà ha á." Ẹ dúró ná. Bébà lásán nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà. Àlàfo tó wà láàárín àwọn irin róbótó yẹn, ìdá kan nínú 100 mílímítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Tí ìpẹtà bá ti jẹ ihò síbẹ̀, ibi yẹn kò ní tẹ bébà dáadáa mọ́, àwọ̀ tó yẹ kó kún á ní ojú funfun. Iṣẹ́ àlímánáákì tí Àńkù ti gba àsansílẹ̀ lé lórí, ẹlòmíì ló bá wọn tẹ̀ ẹ́. Kò sí ẹni tí a fẹ́ bá jà. A sọ fún ẹni tó bá wa di ẹrù pé kó ṣe kíá, a ò sọ fún un pé kó kun gírísì.

Tí ẹ bá ń ra ẹ̀rọ láti òkè òkun, ẹ ní kí wọ́n kun gírísì tó nípọn sí gbogbo ibi tí irin bá ti hàn. Ẹ ní kí wọ́n lo pákó gbígbẹ. Kí wọ́n fi silica gel sínú náílọ́ọ̀nù, kì í ṣe àpò kékeré bíi ti inú bàtà, kí ó pọ̀. Tó bá sì dé, ẹ má tú náílọ́ọ̀nù lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí irin gba ooru Èkó fún bí ọjọ́ kan ná.

Ẹ yẹ iná rẹ̀ wò pẹ̀lú. Iná Jámánì àti tiwa bára mu: fólítì 230, hertz 50. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120 àti 60. Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ géèmù pinball láti Chicago, níbi tí wọ́n ti ń ṣe é jù, lè rò pé transformer ti parí ọ̀rọ̀. Transformer ń yí fólítì padà, kò lè yí hertz. Ẹ pín 120 sí 60, ẹ ó rí 2. Ẹ pín in sí 50, ó di 2.4. Agbára òòfà inú irin rẹ̀ ti fi ìdá 20 nínú 100 pọ̀ sí i nìyẹn, ó sì lè máa gbóná jù. Mọ́tò tó yẹ kó yí bíi ìgbà 1,800 ní ìṣẹ́jú kan á wálẹ̀ sí bíi 1,500.

Lọ́dún tó kọjá, Àńkù ra òmíràn. Èmi ni mo kọ ìwé ohun tí wọ́n máa ṣe kí wọ́n tó dì í. Nígbà tí a tú u, wọ́n fi ìka nu gírísì kúrò lára irin, ó ń dán. Wọ́n wo ìka wọn títí, wọ́n ní, "Pròfẹ́sọ̀, nǹkan tí kò wọ́n báyìí?"

Owó ẹgbẹ́ ti àkọ́kọ́ ṣì ku oṣù mẹ́rin.