Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Ohun-Èlò Lórúkọ: Ìperí àti Ìtọ́jú Ohun-Èlò Iṣẹ́ Àwòṣe

1. Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni bí a ṣe lè fi èdè Yorùbá sọ àwọn ohun-èlò iṣẹ́ àwòṣe lórúkọ, kí orúkọ náà sì máa tọ́ wa sọ́nà bí a bá ń tò wọ́n pamọ́. Àwòṣe tí à ń sọ ni ọkọ̀ òfuurufú, ọkọ̀ ojú omi tàbí ilé tí a fi ike kọ́ ní kékeré, tí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ sì bá ti ojúlówó mu. Ilé-iṣẹ́ Frog ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde fún títà, ní ọdún 1936. Láti ìgbà náà ni ó ti di ìgbafẹ́ tọmọdé tàgbà ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀.

Ẹnìkan lè rò pé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni títo nǹkan sórí pẹpẹ, pé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ sì ni ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Lójú tiwa, iṣẹ́ kan náà ni. Orúkọ tí kò bá sọ ìwà ohun kan kò lè sọ ibi tí ó yẹ kí a gbé e sí.

2. Àwọn àlẹ̀mọ́

Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn ni àtè. Ṣùgbọ́n àtè tí a fi ń mú ẹyẹ kò gbọdọ̀ gbẹ. Bí ó bá gbẹ, iṣẹ́ rẹ̀ ti bàjẹ́. Ní ti ohun tí a fi ń lẹ àwòṣe, gbígbẹ ni iṣẹ́ rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ àtè sára àpótí láìfi àmì sí i, ẹlòmíràn lè kà á sí àtẹ. Nítorí náà ni a ṣe fara mọ́ àlẹ̀mọ́. Ìwà mẹ́rin ni a sì fi pín in.

Èkíní ni àlẹ̀mọ́ ayọ́ke. Ó ń yọ́ ojú ike méjèèjì tí a fẹ́ so pọ̀, wọn yóò sì di ọ̀kan nígbà tí omi rẹ̀ bá bá afẹ́fẹ́ lọ. Òórùn rẹ̀ kò dára fún mímí símú, iná sì tètè ń ràn mọ́ ọn. Ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, tí ó jìnnà sí àdògán àti jẹnẹrétọ̀, ni ààyè rẹ̀.

Èkejì ni àlẹ̀mọ́ afọ̀rinrinle, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní súpà-gúlù. Ní 1942 ni Harry Coover àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá a pàdé. Wọ́n pa á tì, nítorí pé gbogbo ohun tí ó bá kàn ni ó ń lẹ̀ mọ́. Ní 1958 ni wọ́n tó gbé e wá sí ọjà. Ọ̀rinrin ni ó ń mú un le, ìdí nìyí tí ìgò tí a ti ṣí fi ń tètè bàjẹ́ ní àkókò òjò. Inú agolo tí ó dé pinpin, pẹ̀lú àpò kékeré èròjà afa-ọ̀rinrin, ni kí a tọ́jú rẹ̀ sí. Bí ó bá jẹ́ inú fíríìjì ni a gbé e sí, kí a jẹ́ kí òtútù ara rẹ̀ lọ tán kí a tó ṣí i, kí ìrì má baà ṣẹ̀ sínú rẹ̀. Kí a má sì fi òwú nù ún: bí ó bá pọ̀ lára òwú, ó lè gbóná débi pé yóò jó ni lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹta ni àlẹ̀mọ́ onímejì, tí a ń po èròjà méjì pọ̀ kí ó tó le. A kò gbọdọ̀ gbé ìdérí ọ̀kan dé èkejì. Ẹ̀kẹrin ni àlẹ̀mọ́ olómi, tí ó funfun, tí a sì lè fi omi fọ̀ kí ó tó gbẹ.

3. Ọ̀dà

Lórí ọ̀dà ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Àwọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń to ọ̀dà. Ṣùgbọ́n àwọ̀ mẹ́ta gbòógì ni èdè wa ní: funfun, pupa àti dúdú. Bí a bá tẹ̀lé wọn nìkan, ìgò aláwọ̀ ìyeyè, ti osùn àti ti ẹ̀jẹ̀ yóò kó sábẹ́ pupa. Aró tí ó rẹ dáadáa yóò sì bọ́ sábẹ́ dúdú. Èyí kì í ṣe àléébù èdè. Ohun tí ó léwu ni pé ọ̀dà tí a ń fi omi là àti èyí tí iná lè ràn mọ́ yóò wà ní ojú kan náà. Bí a bá sì fi tínà là èyí tí omi yẹ, ó lè dì kúlúkúlú nínú ìgò.

Àbá wa ni pé ohun tí ń la ọ̀dà ni kí a kọ́kọ́ wò: ọ̀dà olómi, ọ̀dà elépo, ọ̀dà onítínà. Lẹ́yìn náà ni kí a wá fi àwọ̀ pín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ti àwọ̀ tí kò ní orúkọ pàtó, nọ́ńbà ni kí a dì mú. Ètò RAL, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Jámánì ní 1927, ń fún àwọ̀ ní nọ́ńbà: RAL 7021 ni àwọ̀ eérú tí ó ṣú, tí a mọ̀ mọ́ ọkọ̀ ogun Jámánì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Olùtumọ̀ kò ní láti wá orúkọ fún nọ́ńbà.

4. Ẹ̀yà àti irinṣẹ́

Àwọn ẹ̀yà àwòṣe máa ń wà lára ọ̀pá ike tí ó so wọ́n pọ̀, bí ọkà ti í wà lára ṣírí. A dábàá ṣírí fún ọ̀pá yìí. Ara ṣírí ni nọ́ńbà wà, kì í ṣe ara ẹ̀yà. Ẹni tí ó bá já ẹ̀yà kí ó tó nílò rẹ̀ ti sọ orúkọ rẹ̀ nù. Ẹ̀yà tí ó ṣẹ́kù ni kí a fi ìwọ̀n-ìdínkù pín. Ní 1/72, ọkùnrin tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6 yóò di ínǹṣì 1. Ní 1/35, ẹni tí ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 175 yóò di sẹ̀ǹtímítà 5. Táyà ọ̀kan kò lè bá ọkọ̀ èkejì mu.

Ní ti irinṣẹ́, èdè wa kò tòṣì. Ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ bí ọmọ, ó di ẹ̀mú kékeré tí a fi ń he ẹ̀yà wínníwínní. Ewé eépín tí àwọn agbẹ́gilére fi ń dán ère lè ya orúkọ rẹ̀ fún sáńpépà: eépín oníwèé. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti ń ga sí i ni ó ń kúnná sí i. 120 ń họ nǹkan, 1000 ń dán an.

5. Àkọlé

Ara ìgò ni kí a kọ orúkọ sí, kì í ṣe orí ìdérí, nítorí pé ìdérí a máa pààrọ̀ ara wọn. Kí a má sì bu tínà tàbí àlẹ̀mọ́ sínú ìgò ohun mímu láé. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ̀ bí ó ti wọ́pọ̀ tó láàárín wa láti bu kẹrosíìnì sínú irú ìgò bẹ́ẹ̀, ẹ sì mọ ohun tí ó ti fà fún àwọn ọmọdé.

6. Àtẹ ọ̀rọ̀ tí a dábàá

Àlẹ̀mọ́ ayọ́ke: èyí tí ń yọ́ ike kí ó tó so ó pọ̀.
Àlẹ̀mọ́ afọ̀rinrinle: èyí tí ọ̀rinrin ń mú le.
Àlẹ̀mọ́ onímejì: èyí tí a ń po èròjà méjì pọ̀ fún.
Ìwọ̀n-ìdínkù: iye ìgbà tí àwòṣe fi kéré sí ojúlówó.
Ṣírí: ọ̀pá ike tí ó so àwọn ẹ̀yà pọ̀.
Eépín oníwèé: ìwé tí a fi ń dán nǹkan.

7. Ìkádìí

Nígbà tí Iṣẹ́ Ìwádìí Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970, ó gbé sáyẹ́ǹsì kalẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní èdè abínibí wọn. Ohun tí ó kù fún wa ni kí ọ̀rọ̀ wa máa dé orí pẹpẹ níbi tí ọwọ́ ọmọ ti ń tó nǹkan. Ọmọ tí ó ka “ayọ́ke” ti mọ̀ pé kò yẹ kí ó gbé e sínú ike tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tí ó ka “afọ̀rinrinle” ti mọ̀ pé kí ó dé e. Àwọn orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó wà lára ìgò kò lè kọ́ ọ ní èyí. A ń retí àtúnṣe àti àbá láti ọ̀dọ̀ àwọn olùkọ́ tí yóò gbé ọ̀rọ̀ wọ̀nyí yẹ̀ wò nínú kíláàsì.