Títún Kábúrétọ̀ Alùpùpù Ṣe: Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì ní Ibùdó Mẹkáníìkì ní Agbègbè Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin

Ìfáàrà

Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìlú tí ó wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Iṣẹ́ àgbẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní agbègbè náà, ọ̀pọ̀ ọ̀nà oko kò sì ṣe é gbà fún ọkọ̀ ńlá ní àsìkò òjò. Ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí ó lè la ẹrẹ̀ kọjá ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń lò ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Òun ni ó ń gbé ẹ̀gẹ́ dé ibi tí wọ́n ti ń fi í ṣe gàárì, òun náà ni ó sì ń gbé olùkọ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ abúlé. Ọ̀kadà tí gbogbo ènìyàn ń pè é wá láti ara orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air, èyí tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní ọdún 1983.

Ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, iye owó epo fò sókè ju ìlọ́po méjì lọ. Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ tí ó bá ń mu epo ju bí ó ti yẹ lọ ti di ẹ̀rọ tí ń gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ ẹni tí ó ń gùn ún. Nítorí náà, sikúrù kékeré tí mẹkáníìkì ń yí lára kábúrétọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá yí i, àti bí olùkọ́ ṣe lè fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ náà.

Bí Kábúrétọ̀ ṣe ń Ṣiṣẹ́

Iṣẹ́ kábúrétọ̀ ni láti po epo bẹntiróò pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ kí ó tó wọ inú ẹ́ńjìnnì. Kí kìlógíráàmù epo kan tó lè jóná tán pátá, ó nílò nǹkan bíi kìlógíráàmù 14.7 afẹ́fẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò yàtọ̀ sí ti ẹ̀bà: bí omi bá pọ̀ ju gàárì lọ, yóò rọ̀ jù, bí gàárì bá pọ̀ ju omi lọ, yóò le. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni ohun tí a ń wá.

Ọ̀mọ̀wé ará Ítálì kan, Giovanni Battista Venturi, ni ó tẹ ìwádìí tí ó ṣàlàyé ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà jáde ní ọdún 1797. Ó fi hàn pé bí ohun tí ń ṣàn bá dé ibi tóóró, eré rẹ̀ yóò pọ̀ sí i, agbára tí ó fi ń ti ohun tí ó yí i ká yóò sì dínkù. Ọ̀fun kábúrétọ̀ tóóró. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá fa afẹ́fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, agbára afẹ́fẹ́ ibẹ̀ yóò lọ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ìta tí ó tẹ orí epo inú ìkòkò kábúrétọ̀ yóò sì ti epo gba ihò kékeré tí à ń pè ní jẹ́ẹ̀tì jáde. Ohun kan tí ń léfòó wà nínú ìkòkò náà. Bí epo bá kún dé ìwọ̀n, yóò gbé pín-ìnnì sókè láti dí ojú ọ̀nà epo, gẹ́gẹ́ bí i ti táǹkì omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Nínú irú kábúrétọ̀ tí ó wọ́pọ̀ lára alùpùpù kékeré, jẹ́ẹ̀tì kékeré ni ó ń fún ẹ́ńjìnnì ní epo nígbà tí kò bá tíì sáré. Bí a bá ti fa ọwọ́ iná dé àárín, abẹ́rẹ́ gígùn tí ó so mọ́ ohun tí okùn iná ń gbé sókè ni ó ń pinnu iye epo. Bí a bá fà á tán, jẹ́ẹ̀tì ńlá ni ó kù tí ń díwọ̀n rẹ̀. Èyí ni ó fi jẹ́ pé sikúrù ìta kò lè wo àìsàn tí ó ń yọjú nígbà tí alùpùpù bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù.

Ohun tí ó yẹ ní Yíyẹ̀wò Ṣáájú

Àwọn àgbà ní a kì í fi oníjà sílẹ̀ kí á gbájú mọ́ alápepe. Eruku ọ̀nà oko, pàápàá ní àsìkò ọyẹ́, a máa dí asẹ́ afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ yóò dínkù, epo yóò sì pọ̀ jù, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ fọwọ́ kan kábúrétọ̀. Nítorí náà, asẹ́ ni a ó kọ́kọ́ fọ̀.

Epo pẹ̀lú a máa fa wàhálà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, epo bẹntiróò tí mẹ́táńọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ju ìwọ̀n tí òfin Nàìjíríà gbà lọ wọ orílẹ̀-èdè yìí, bẹ́ẹ̀ mẹ́táńọ́ọ̀lù a máa jẹ irin àti rọ́bà inú kábúrétọ̀.

Lẹ́yìn náà ni a ó tú púlọ́ọ̀gì wò. Bí ẹnu rẹ̀ bá pọ́n bí ẹ̀pà yíyan, àpòpọ̀ náà dára. Bí ó bá dúdú tí ó sì ní èédú, epo ti pọ̀ jù. Bí ó bá funfun, afẹ́fẹ́ ni ó pọ̀ jù.

Ìgbésẹ̀ Títún un Ṣe

Ìkíní, kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa. Àtúnṣe orí ẹ́ńjìnnì tútù kì í pẹ́ bàjẹ́. Ìkejì, kí a fi sikúrù súlóò mú kí ẹ́ńjìnnì máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Nínú ọ̀pọ̀ alùpùpù kékeré, èyí jẹ́ nǹkan bí ìgbà 1,400 ní ìṣẹ́jú kan. Ìkẹta, kí a yí sikúrù àpòpọ̀ sí apá kan díẹ̀díẹ̀ títí ohùn ẹ́ńjìnnì yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, kí a tún yí i sí apá kejì títí yóò fi tún rẹ̀. Àárín ibi méjèèjì, níbi tí ohùn ti já geere jù, ni a ó fi í sí. Ìkẹrin, kí a tún dá súlóò padà sí ìwọ̀n.

Ibi kan wà tí ọmọ iṣẹ́ ti máa ń ṣìnà. Bí sikúrù àpòpọ̀ bá wà ní ìhà asẹ́, afẹ́fẹ́ ni ó ń díwọ̀n: yíyí i wọlé a máa mú kí epo pọ̀ sí i. Bí ó bá wà ní ìhà ẹ́ńjìnnì, epo ni ó ń díwọ̀n: yíyí i wọlé a máa dín epo kù. Ọ̀gá tí ó kàn sọ pé "yí i wọlé" láì sọ ìdí rẹ̀ ti ṣe àdámọ̀ fún irú kábúrétọ̀ kan ṣoṣo.

Bákan náà, ìwọ̀n tí ó bá ibì kan mu lè máà bá ibòmíràn mu. Òkè Pẹrẹsẹ Jos ga tó nǹkan bíi mítà 1,200 ju òkun lọ, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì fúyẹ́. Alùpùpù tí a tún ṣe nílẹ̀ Ìjẹ̀bú yóò máa gba epo púpọ̀ jù níbẹ̀.

Ewu tí ó wà nínú Àṣìṣe

Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣọ́ epo lò lè dín in kù kọjá ààlà. Ẹ́ńjìnnì yóò gbóná jù, písítìnì sì lè lẹ̀ mọ́ ilé rẹ̀. Iye tí yóò fi ra òmíràn yóò ju epo tí ó rò pé òun ṣọ́ lò lọ. Bí epo bá sì pọ̀ jù, yóò ṣàn mọ́ ọ́ìlì, èyí kò sì ní lè dáàbò bo irin mọ́. Èéfín rẹ̀ yóò tún ní kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì púpọ̀, afẹ́fẹ́ tí kò ní òórùn tí ó sì lè pa ènìyàn. Kò yẹ kí a tún ẹ̀rọ kankan ṣe nínú yàrá tí a tì, ìbáà jẹ́ alùpùpù tàbí jẹnẹrétọ̀.

Ìwúlò rẹ̀ fún Olùkọ́

Iṣẹ́ Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 pèsè ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Àwọn mẹkáníìkì kò dúró de ìgbìmọ̀ kankan kí wọ́n tó sọ kábúrétọ̀, jẹ́ẹ̀tì àti púlọ́ọ̀gì di ọ̀rọ̀ Yorùbá. Kò pọn dandan kí olùkọ́ ṣẹ̀dá orúkọ gígùn rọ́pò wọn. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni àlàyé ìdí. Iṣẹ́ Ìwádìí Ọdún Mẹ́fà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970, èyí tí Babs Fáfúnwá jẹ́ aṣáájú rẹ̀, ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Kí olùkọ́ fi ọpọ́n omi, ike àti ẹ̀mí ẹnu fẹ́ afẹ́fẹ́ kọjá lórí ike tí a kì bọ omi. Omi yóò gòkè nínú ike lójú àwọn ọmọ, wọn yóò sì mọ ohun tí Venturi rí.

Àgbálọgbábọ̀

Etí ọ̀gá mẹkáníìkì jẹ́ ìmọ̀, ṣùgbọ́n etí nìkan kò ṣe é fi kọ́ ọmọ iṣẹ́ kí ó tó gba fírídọ̀mù. Bí a bá fi ìdí ọ̀rọ̀ kún un ní èdè tí ọmọ náà gbọ́, yóò lè tún irú ẹ̀rọ tí ọ̀gá rẹ̀ kò rí rí ṣe, ọlọ́kadà yóò sì mú owó epo rẹ̀ délé.