Táyà Abẹ́ Ọkọ̀: Ọwọ́ Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Rẹ̀ Wà?

Bí ọkọ̀ píkọ̀ọ̀pù bá wà nínú ilé yín, ìgbà wo ni ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ gbẹ̀yìn? Ẹ má bínú pé ìbéèrè ni mo fi kí yín. Nínú ilé tiwa ní Magodo, a kì í wò ó. Bàbá mi, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ilé kíkọ́, kì í jẹ́ kí erùpẹ̀ pẹ́ lára Hilux rẹ̀. A máa fọ̀ ọ́, a máa nù ún, a sì máa yẹ epo àti omi inú rẹ̀ wò ní àràárọ̀. Ṣùgbọ́n táyà kan wà tí ó so rọ̀ lábẹ́ ọkọ̀ náà bí àdán, ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì rántí rẹ̀ àfi ọjọ́ tí a wá a tí a kò rí i.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, nígbà ọyẹ́. Ìyá mi, tí ó máa ń se oúnjẹ fún àwọn olóde àríyá, ti jáde pẹ̀lú bọ̀dá mi láago márùn-ún ìdájí lọ sí ọjà Mile 12, kí ó lè ra tòmátì àti ata kí oòrùn tó là. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, táyà ẹ̀yìn kan jò ní Kétu. Bọ̀dá mi kò fòyà. Ó mú irin gbọọrọ jáde láti ẹ̀yìn ìjókòó, ó kì í bọ ihò tí ó wà ní ẹ̀bá bọ́ńpà ẹ̀yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Ẹ̀wọ̀n ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohunkóhun ní ìdí rẹ̀.

Títí di òní, a kò mọ ibi tí olè ti yọ táyà náà. Ó lè jẹ́ ibi tí bàbá mi ti ń kọ́lé, ó sì lè jẹ́ iwájú gbọ̀ngàn àpèjẹ kan. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé ó lè ti tó oṣù mẹ́ta kí a tó mọ̀. Ohun tí a bá jí nínú yàrá, olóhun yóò fura kí ilẹ̀ tó ṣú; èyí tí a jí lábẹ́ ọkọ̀, ọjọ́ ìṣòro ni í tó hàn.

Ẹ́kísítírà ni àwa ará Èkó ń pe táyà yìí. Ní ilẹ̀ Íńdíà, 'stepney' ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ní òpópónà Stepney, ní ìlú Llanelli ní Wales, ni Thomas Morris Davies àti ọmọ ìyá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní ọdún 1904. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹni tí táyà rẹ̀ bá bẹ́ lójú ọ̀nà yóò jókòó lẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ ni. Èyí kàn wù mí láti sọ ni.

Èdè Yorùbá ni mo kà ní yunifásítì, n kò sì mọ̀ ju kí n wọ ọkọ̀ kí n sì sọ̀ kalẹ̀ lọ. Nítorí náà, mo padà tọ fọ́kánáísà tí ó bá wa lẹ táyà lọ́jọ́ náà, mo ní kí ó fi abẹ́ ọkọ̀ hàn mí. Ó tẹ́ páálí sílẹ̀, ó ní kí n dùbúlẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà níbẹ̀ tí ó ń ká ẹ̀wọ̀n tàbí okùn onírin, bí ìgbà tí ènìyàn ń fa omi nínú kànga. Irin pẹlẹbẹ kan wà ní ìdí ẹ̀wọ̀n náà, tí a ń kì bọ ihò àárín ríìmù. Òun ni ó gbé táyà dúró. Bí a bá yí irin gbọọrọ sí ọwọ́ ọ̀tún, táyà á gòkè. Bí a bá yí i sí òsì, á sọ̀ kalẹ̀.

Ó ní ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe àṣìṣe ni pé wọ́n máa ń jẹ́ kí irin pẹlẹbẹ náà dẹ̀gbẹ́ nínú ihò ríìmù. Táyà á gòkè lóòótọ́, á sì dà bí ẹni pé ó ti fún. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti kó sí kòtò mélòó kan, irin á yẹ̀, ẹ̀wọ̀n á dẹ̀, táyà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ó ní kí n fi ọwọ́ méjèèjì tì í síwá sẹ́yìn. Bí ó bá mì, kò tí ì fún nìyẹn. Bí ó bá sì fún lónìí, kí a tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ọ̀rọ̀ yìí kéré, ẹ gbọ́ èyí. Ní ọdún 2010, ilé-iṣẹ́ Toyota ní kí àwọn onílé Sienna ní Amẹ́ríkà dá nǹkan bí 600,000 ọkọ̀ padà wá fún àtúnṣe. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù lè mú kí okùn onírin tí ó gbé ẹ́kísítírà dípẹtà, kí ó já, kí táyà sì bọ́ sójú ọ̀nà. Ta ni kò mọ Sienna ní Èkó? Tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. A kò ní yìnyín níbí, ṣùgbọ́n a ní omi. Nígbà tí odò Ògùn bá kún, tí wọ́n sì tú omi sílẹ̀ láti ìsédò Ọ̀yán, àwọn ará apá Mile 12 mọ ohun tí ojú wọn ń rí. Ọkọ̀ tí ó bá la irú omi bẹ́ẹ̀ kọjá, ẹrẹ̀ ti wọ inú ẹ̀rọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ sọ táyà náà kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ó kéré tán, ẹ fọ ẹ̀wọ̀n, ẹ fi gíríìsì ra á, ẹ sì wọn afẹ́fẹ́ inú táyà. Ẹ́kísítírà tí ó bá bọ́ lójú títì márosẹ̀, ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn ni í kọ́kọ́ pàdé rẹ̀.

Olè ni ó gba bàbá mi lọ́kàn ní tirẹ̀, n kò sì dá a lẹ́bi. Michelin pa ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt tì ní ọdún 2007, Dunlop ṣíwọ́ táyà ṣíṣe ní Ìkẹjà ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, láti ìgbà náà ni a ti ń fojú sọ́nà sí òkè òkun fún táyà tuntun. Wẹ́dà kan fẹ́ jó àgò onírin mọ́ abẹ́ ọkọ̀, bàbá mi kọ̀. Ẹ̀wọ̀n nípọnnípọn ni ó rà, ó kì í bọ ihò ríìmù, ó yí i mọ́ irin ìdí ọkọ̀, ó sì fi àgádágodo ńlá tì í. Ó jẹ́ kí ẹ̀wọ̀n náà kúrú, kí ẹni tí ó bá mú ayùn wá má rí ààyè fà á. Iṣẹ́ tí ó dára ni. Gbogbo wa ni a yìn ín.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, à ń ti òde ìgbéyàwó kan bọ̀ láti Ìbàdàn, èmi, ìyá mi àti bọ̀dá mi. Aago mẹ́wàá alẹ́ ti ń lọ lù. A ti kọjá Berger, a ń súnmọ́ Afárá Ọ̀tẹ́dọlá, ni táyà iwájú bá bẹ́ gbàà. Ẹni tí ó mọ ibẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń dúró sí. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2018, ọkọ̀ agbépo kan gbiná níbẹ̀. Ọkọ̀ tí ó lé ní 50 ni ó jóná, ẹ̀mí sì ṣòfò. Bọ̀dá mi rọra darí ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó tan iná ìkìlọ̀, ó gbé àmì onígun mẹ́ta sẹ́yìn jìnnà. Ó yí irin. Ẹ̀rọ dẹ̀, táyà kò sọ̀ kalẹ̀. Àgádágodo dì í mú, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lára ìdì kọ́kọ́rọ́ bàbá mi, nílé.

Olè kò rí i gbé, àwa náà kò rí i lò.

Ìyá mi pe bàbá mi. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, kọ́kọ́rọ́ táyà abẹ́ ọkọ̀ ńkọ́?"

Bàbá mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Ọwọ́ mi ni ó wà."

"Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ ariwo tírélà yẹn? Ẹ bá wa mú un bọ̀."

Nǹkan bí wákàtí kan ni èmi àti ìyá mi fi dúró sórí koríko, lẹ́yìn irin ẹ̀gbẹ́ títì, tí ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wa ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ ńlá bá kọjá. Ìyá mi kò sọ̀rọ̀. Ó di ọwọ́ mi mú bí ìgbà tí mo wà ní ọmọ ọdún márùn-ún. Aládùúgbò wa kan ni ó fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé bàbá mi wá, pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò ilé. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kò yí! Ìpẹtà ti di ojú ihò rẹ̀. Bọ̀dá mi ní láti fa irin ìwọn epo ẹ́ńjìnnì yọ, kí ó sì jẹ́ kí epo kán sínú ihò náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí ó tó ṣí.

Nígbà tí táyà náà jáde tán, a rí òmíràn. Nọ́ńbà mẹ́rin wà ní ẹ̀gbẹ́ táyà, lẹ́yìn lẹ́tà DOT: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì ìkẹyìn ni ọdún. 3114 ni ó wà lára tiwa, èyí ni pé ọ̀sẹ̀ kọkànlélọ́gbọ̀n ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, kì í yé kìlọ̀ fún wa pé kí táyà má ju ọdún mẹ́rin lọ. Tòkunbọ̀ tí a sáré rà ní Kétu lọ́jọ́sí ni a fi ẹ̀wọ̀n àti àgádágodo dáàbò bò. A rọra fi í rìn dé ilé, a kò sì tún lò ó mọ́.

Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ni ó wà báyìí: ọ̀kan lọ́wọ́ bàbá mi, ọ̀kan lọ́wọ́ ìyá mi, ọ̀kan sì wà nínú àpò jáàkì lẹ́yìn ìjókòó. Bàbá mi gé túùbù àtijọ́ kan, ó fi bo àgádágodo náà kí ẹrẹ̀ má baà wọ inú rẹ̀, ó sì ń kán epo sí i lóṣooṣù. Lọ́jọ́ Àìkú tí ó tẹ̀ lé e, ìyá mi ní kí gbogbo wa jáde sí ìta. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó tẹ́ páálí sílẹ̀, ó ṣí àgádágodo, ó sì yí irin títí táyà fi balẹ̀. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni mo kà lórí fóònù mi. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ń pàtẹ́wọ́. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó wo bàbá mi, ó ní kí ó wá so ó padà.