Bí Ayàwòrán Ṣe Ń Fi Ọ̀nà Jíjìn Sórí Pátákó

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé sí Tchaada, ẹ wo àwọn igi ọ̀pẹ ní àárọ̀. Èyí tí ó wà nítòsí dúdú, imọ̀ rẹ̀ sì hàn kedere. Èyí tí ó wà lókèèrè rí bí eérú. Igi ọ̀pẹ ni àwọn méjèèjì. Eruku inú afẹ́fẹ́ ni ó pa àwọ̀ èyí tí ó jìnnà dà. Irú ohun tí ojú wa ń rí yìí ni àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Họ́láńdì fi ṣe iṣẹ́ ńlá ní nǹkan bí irínwó ọdún sẹ́yìn.

Òtútù ilẹ̀ wọn le ju ọyẹ́ wa lọ. Ní ayé ìgbà náà, odò a máa dì gbagidi bí òkúta, àwọn ènìyàn a sì máa rìn lórí rẹ̀. Hendrick Avercamp, tí a bí ní ọdún 1585, fi yíya irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́. Odi ni, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í fo ohunkóhun. Nínú àwòrán rẹ̀ kan tí ó wà ní Rijksmuseum, ní ìlú Amsterdam, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi irin abẹ́ bàtà yọ̀ lórí odò dídì. Ní apá ìsàlẹ̀, a rí ilẹ̀kùn àtijọ́ tí wọ́n fi dẹ pańpẹ́ fún ẹyẹ.

Gígùn pátákó náà kò pé mítà kan àtààbọ̀, síbẹ̀ ẹni tí ó ń wò ó á rò pé ọ̀nà jíjìn ni òun ń wò. Ọgbọ́n mẹ́ta ni ó mú un rí bẹ́ẹ̀.

Èkíní, ohun tí ó jìnnà ni a ń yà kékeré.

Èkejì, bí ènìyàn bá ti jìnnà tó, bẹ́ẹ̀ ni a ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè tó lórí pátákó.

Ẹ̀kẹta ni àwọ̀. Àwọ̀ tí ó dúdú wà níwájú. Bí a ti ń lọ sẹ́yìn, ayàwòrán ń po funfun mọ́ ọn, títí igi àti ilé á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá sínú òfurufú. Òróró èso ọ̀gbọ̀ ni wọ́n fi ń po àwọ̀ náà. Kì í tètè gbẹ, nítorí náà ayàwòrán ń ráyè fi àwọ̀ kan wọ inú èkejì díẹ̀díẹ̀.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Àwọn kan sọ nígbà kan pé adúláwọ̀ kò lè ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí a bí ní ọdún 1882, fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dá wọn lóhùn. Ní ọdún 1906, kí ó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ àwòrán kankan, ó ti ya àwòrán obìnrin Èkó kan, Ìyáàfin Spencer Savage, tí a ń yìn títí di òní. Ní ọdún 1920, ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ sí i ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó padà, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé Èkó bí a ti ń ya ohun tí ó jìnnà. Ó tẹnu mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ọ̀gbẹ́ni Perspective, èyí tí ó jẹ́ orúkọ ọgbọ́n náà gan-an ní èdè Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ mú pẹ́ńsù tí ẹ fi ń kọ lẹ́tà, kí ẹ ya ọ̀pẹ mẹ́ta sórí ìwé. Ẹ ya èkíní ní ńlá, kí ẹ sì tẹ pẹ́ńsù mọ́ ọn. Ẹ ya èkejì kéré, kí ó ga díẹ̀ sókè. Ẹ ya ẹ̀kẹta kéré jù, kí ó tún ga sí i, kí ọwọ́ yín sì fúyẹ́. Ẹ gbé ìwé náà jìnnà díẹ̀ sí ojú, kí ẹ wò ó: ọ̀nà ti là sínú rẹ̀.