Òdòdó Oníṣu Nínú Ọgbà Ilé ní Ilẹ̀ Yewa: Ìsinmi Ẹ̀rùn àti Ìtànná Àkọ́rọ̀

Ìfáàrà

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta ní ilẹ̀ Yewa, ohun kan a máa ṣẹlẹ̀ lábẹ́ igi àti ní etí igbó tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í dúró wò. Níbi tí ewé kankan kò sí láti ìgbà ọyẹ́, ọ̀pá òdòdó kan a yọ láti inú ilẹ̀, orí rẹ̀ a sì tú bí bọ́ọ̀lù pupa. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ó ti rọ. Àgbẹ̀ tó ń ṣán oko lè ti fi àdá bẹ́ ẹ kúrò kí ó tó rọ, tàbí kí oògùn apakoríko ti pa á. Síbẹ̀, ẹni kan náà tó pa á lè na owó rẹpẹtẹ lórí òdòdó òkèèrè tí kò ní hù rárá ní Ìlaròó tàbí Ayétòrò.

Èròǹgbà àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé irú ewéko tí òdòdó yìí jẹ́, ìdí tí ó fi ń sùn tí ó sì ń jí, bí a ṣe lè gbin oríṣiríṣi rẹ̀ pọ̀ sínú ọgbà ilé tàbí ti ilé-ẹ̀kọ́, àti ewu tó wà nínú rẹ̀ tí olùkọ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Ohun tí òdòdó oníṣu jẹ́

Òdòdó oníṣu, gẹ́gẹ́ bí a ti lò ó níhìn-ín, ni ewéko olódòdó èyíkéyìí tó ń kó oúnjẹ àti omi pamọ́ sí abẹ́ ilẹ̀, tí ewé rẹ̀ lè gbẹ tán lókè láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kú. Ọ̀nà mẹ́rin ni ilé ìpamọ́ yìí pín sí, kò sì sí èyí tí ilé ìdáná Yorùbá kò ní àpẹẹrẹ rẹ̀.

Èkíní ni ti àlùbọ́sà. Bí a bá fi ọ̀bẹ la àlùbọ́sà sí méjì, a ó rí i pé ìdí ewé tó nípọn ni ó wé mọ́ ara wọn lórí igi kúkúrú kan nísàlẹ̀. Àwọn okùn tín-ín-rín tó so rọ̀ lábẹ́ ni gbòǹgbò. Èkejì ni ti kókò, níbi tí igi ewéko náà gan-an ti wú, tí kò sì ní ìpele bíi ti àlùbọ́sà. Ẹ̀kẹta ni ti iṣu tí a ń jẹ. Ẹ̀kẹrin ni ti atalẹ̀, tó ń rá lọ lábẹ́ ilẹ̀ tó sì ń yọ ọmọ bí ó ti ń lọ.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti inú ìwé lásán. Àgbẹ̀ lè gé iṣu ní ẹ̀bù kí ẹ̀bù kọ̀ọ̀kan sì hù. Atalẹ̀ pẹ̀lú ṣeé gé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gé òdòdó alálùbọ́sà bí ẹní gé ẹ̀bù lè sọ ọ́ di jíjẹrà. Ọmọ tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni a ń yà gbìn.

Òtútù lókè òkun, ẹ̀rùn ní Yewa

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn òdòdó alálùbọ́sà bíi tulip, tí orílẹ̀-èdè Netherlands lókìkí fún, a máa tanná nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n kàn fara da òtútù. Òtútù gan-an ni ó ń pèsè wọn sílẹ̀. Bí tulip kò bá wà nínú òtútù fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pá òdòdó rẹ̀ kì í lè ga bó ṣe yẹ. Ní Ìlaròó, ó ṣọ̀wọ́n kí ooru tó lọ sílẹ̀ ju 20°C, kódà nígbà ọyẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ìbátan rẹ̀ kó tulip wá fún láti Lọ́ńdọ̀nù, tó sì rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, kò ṣàìmọ̀ọ́gbìn. Ojú ọjọ́ tí òdòdó náà ń dúró dè ni kò ní dé láéláé.

Ohun tí òtútù ń ṣe lọ́hùn-ún ni ẹ̀rùn ń ṣe níhìn-ín. Láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá, òjò a dáwọ́ dúró ní ilẹ̀ Yewa, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ a sì gbẹ ilẹ̀. Òdòdó oníṣu a wọ́wé, a sì sinmi. Ní oṣù Kẹta, àkọ́rọ̀ a jí i. Òjò a pọ̀ jù ní oṣù Kẹfà àti Keje, a dákẹ́ díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, a tún padà ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá. Apá Ìlaròó ní gúúsù tutù díẹ̀ ju Ayétòrò àti Ìmẹ̀kọ lọ, níbi tí igbó ti ń di ọ̀dàn, tí ẹ̀rùn sì máa ń pẹ́ jù. Ẹni tó bá mọ ìlànà òjò yìí ti mọ ìdajì iṣẹ́ ọgbà náà.

Àwọn tó yẹ fún ọgbà ilé

Àkọ́kọ́ ni bọ́ọ̀lù pupa tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Scadoxus multiflorus. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni. Alálùbọ́sà ni, ó fẹ́ràn ìbòòji, òdòdó wẹ́wẹ́ tó lè tó 200 ni ó sì para pọ̀ di bọ́ọ̀lù kan. Òdòdó rẹ̀ a máa ṣáájú ewé tàbí kí wọ́n jọ yọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èso pupa.

Èkejì ni Crinum jagus, tí wọ́n ń pè ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ odò ní àwọn ibì kan. Alálùbọ́sà ńlá ni, ilẹ̀ tútù ni ibùgbé rẹ̀. Òdòdó funfun rẹ̀ a máa là ní ìrọ̀lẹ́, òórùn dídùn rẹ̀ a sì máa pọ̀ sí i lálẹ́. Irúgbìn rẹ̀ tóbi, ó sì kún fún omi débi pé ó lè hù lórí ilẹ̀ láìtíì rí òjò.

Ẹ̀kẹta ni Gloriosa superba, òdòdó orílẹ̀-èdè Zimbabwe. Ó ń gun igi bí iṣu ti ń gun ọ̀pá, ṣùgbọ́n ṣóńṣó ewé rẹ̀ ni ó fi ń di nǹkan mú. Òdòdó rẹ̀ a máa bẹ̀rẹ̀ ní àwọ̀ ewé àti ìyeyè, a sì pọ́n bí iná, apá rẹ̀ a sì ká sẹ́yìn. Iṣu rẹ̀ rọrùn láti dá. Ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ni ojú tí yóò hù wà; bí ṣóńṣó náà bá ṣẹ́, iṣu náà kì í hù mọ́.

Lẹ́yìn àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ni àwọn àlejò tí ó ti di ará ilé. Láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà olóoru ni Hippeastrum puniceum ti wá, òdòdó rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ó sì máa ń tanná ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Ibẹ̀ náà ni Hymenocallis littoralis ti wá, òdòdó funfun tó nà bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn, tí a máa ń rí níwájú ilé àti ọ́fíìsì. Ibẹ̀ ni Zephyranthes kékeré pẹ̀lú ti wá, tó máa ń là ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí òjò ńlá bá rọ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Bákan náà ni ìdò, tí ìdí rẹ̀ ń rá bíi ti atalẹ̀, tí èso dúdú líle rẹ̀ sì ṣeé fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Caladium, ẹbí kókò, kò ní òdòdó tó lẹ́wà, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ alámì pupa àti funfun tó ẹwà òdòdó.

Bí a ṣe ń pa wọ́n pọ̀

Ohun mẹ́ta ni a ń wò: àkókò, ibùdó àti gíga.

Ní ti àkókò, ète ni pé bí ọ̀kan bá ń rọ kí òmíràn máa là. Scadoxus àti Hippeastrum ni yóò ṣí ilẹ̀kùn ọdún ní oṣù Kẹta sí Karùn-ún. Gloriosa àti Crinum yóò gbà á nígbà tí òjò bá pọ̀. Nígbà tí òjò bá padà lẹ́yìn ìdákẹ́ oṣù Kẹjọ, Zephyranthes yóò tún là. Ìdò ni yóò máa di àlàfo ní gbogbo ìgbà tí omi bá wà.

Ní ti ibùdó, kò sí ilé kan ní Ayétòrò tí kò ní ibi tútù àti ibi gbígbẹ. Ìdí balùwẹ̀ níbi tí omi ń ṣàn gbà, tí àwọn ènìyàn máa ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí, dára fún Crinum àti ìdò. Abẹ́ igi máńgòrò, níbi tí koríko kì í ti í hù dáadáa, ni ti Scadoxus àti Caladium. Ẹ̀gbẹ́ ògiri tí oòrùn ń ta sí ni ti Hippeastrum. Ara ọgbà onígi ni ti Gloriosa, kí orí rẹ̀ rí oòrùn kí ìdí rẹ̀ sì wà ní ìbòòji.

Ní ti gíga, ìdò àti Crinum ni a ń tì sẹ́yìn, Hymenocallis sí àárín, Zephyranthes sí etí ọ̀nà. Ohun kan tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni pé ilẹ̀ tí òdòdó ń sinmi sí yóò dà bí ilẹ̀ òfìfo. Nítorí náà, kí a fi òkúta tàbí ọ̀pá sàmì sí i, kí ẹni tó ń gbálẹ̀ tàbí tó ń ro ọgbà má baà fi ọkọ́ hú u.

Gbígbìn àti ìtọ́jú

Ìparí ẹ̀rùn, kí àkọ́rọ̀ tó dé, ni àkókò tó dára jù láti gbìn. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ máa fa omi. Níbi tí amọ̀ bá pọ̀, kí a po yanrìn àti ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa mọ́ ọn, tàbí kí a kọ ebè. Ọrùn Scadoxus yẹ kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ilẹ̀ dọ́gba. Ti Hippeastrum yóò yọ sókè. Iṣu Gloriosa ni a ń tẹ́ sílẹ̀ gbalaja, ní jíjìn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10.

Lẹ́yìn tí òdòdó bá rọ, a kò gbọdọ̀ gé ewé tútù. Ewé ni ó ń se oúnjẹ tí iṣu yóò fi tọ́jú òdòdó ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó gé e nítorí ìmọ́tótó ti jí oúnjẹ ẹlẹ́ẹ̀rùn. Nígbà tí ewé bá pọ́n fúnra rẹ̀, kí a dáwọ́ omi dúró. Omi púpọ̀ nígbà ẹ̀rùn máa ń jẹ́ kí iṣu tó ń sùn jẹrà. Crinum kò kọ omi ní gbogbo ọdún.

Ọ̀tá tí ó yẹ kí a mọ̀ ni kòkòrò Brithys crini, ìdin dúdú alámì funfun àti ìyeyè tó máa ń jẹ ewé Crinum àti àwọn ẹbí rẹ̀ wọ inú iṣu lọ. Kí a máa fi ọwọ́ ṣà á ní kùtùkùtù. Sùúrù sì ṣe pàtàkì: Scadoxus tí a gbin irúgbìn rẹ̀ lè lo ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó tanná.

Májèlé tó wà nínú ẹwà

Ìjọra tí a fi ṣàlàyé àwọn òdòdó yìí, ti àlùbọ́sà àti ti iṣu, ni ó mú ewu wá. Scadoxus, Crinum, Hippeastrum, Hymenocallis àti Zephyranthes ní èròjà bíi lycorine, tí ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru. Ní àwọn apá kan ilẹ̀ Áfíríkà, Scadoxus wà lára ohun tí àwọn ọdẹ ń fi ṣe oró ọfà. Ti Gloriosa ló burú jù. Colchicine inú rẹ̀ lè pa ènìyàn, ó sì ti pa àwọn tó ṣèèṣì jẹ iṣu rẹ̀ bí iṣu gidi, pàápàá ní Sri Lanka. Bẹ́ẹ̀ sì ni èròjà kan náà, ní ìwọ̀n tí dókítà fọwọ́ sí, jẹ́ oògùn fún àrùn oríkèé-ara. Nítorí rẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ Tamil Nadu ní ilẹ̀ Íńdíà ṣe ń gbin Gloriosa tí wọ́n sì ń ta irúgbìn rẹ̀.

Nítorí náà, a kò gbọ́dọ̀ kó iṣu òdòdó sí ilé ìdáná tàbí sínú àká. Kí a má gbin Gloriosa sí àyíká iṣu jíjẹ, tàbí sí ibi tí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ti ń ṣeré. Kí ẹni tó bá fọwọ́ kàn án fọ ọwọ́ dáadáa. Bí ọmọ bá jẹ nínú rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí a sì mú ewéko náà dání kí àwọn dókítà lè dá a mọ̀.

Orúkọ àti iṣẹ́ olùkọ́ èdè

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ òdòdó ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀ka Yorùbá. Ní ọdún 1984, Z. O. Gbile ṣe àkójọ orúkọ ewéko ní èdè Yorùbá ní Ìbàdàn. Ní 1995, Pierre Verger tẹ ìwé Ewé jáde. Iṣẹ́ ńlá ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n orúkọ ewéko a máa yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú. Ní ilẹ̀ Yewa, ẹ̀ka-èdè Ẹ̀gbádò, Kétu, Ọ̀họ̀rí àti Ànàgó wà nítòsí ara wọn, ti Kétu, Ọ̀họ̀rí àti Ànàgó sì ré kọjá ààlà wọ ilẹ̀ Benin. Orúkọ kan lè jẹ́ ti ewéko méjì, kí ọ̀kan jẹ́ oúnjẹ tàbí egbòogi, kí èkejì sì jẹ́ májèlé. Níbi tí orúkọ bá ti sọnù, ìkìlọ̀ tó wà nínú orúkọ náà ti bá a lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tó bá lọ fún ìdánrawò iṣẹ́-olùkọ́ lè fi èyí ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá: kí àwọn ọmọ mú àwòrán òdòdó lọ bá àwọn àgbà àti àwọn ẹlẹ́wé-ọmọ lọ́jà, kí wọ́n kọ orúkọ tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kí wọ́n sì kọ ìlú tí orúkọ náà ti wá. Kí wọ́n má hú ewéko náà.

Ìgúnlẹ̀

Òdòdó oníṣu kò nílò ọgbà ńlá tàbí owó púpọ̀. Ó nílò kí a fi í sílẹ̀ nígbà tó bá ń sinmi, kí a má bínú gé ewé rẹ̀, kí a sì mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ohun jíjẹ. Àwọn tó yẹ ilẹ̀ Yewa jù ti wà nínú igbó Yewa tẹ́lẹ̀. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan láti Ìlaròó dé Ìmẹ̀kọ bá ya ebè kan sọ́tọ̀ fún wọn lábẹ́ igi, tí a sì kọ orúkọ wọn sára pátákó, ọmọ tó bá rí ilẹ̀ òfìfo nígbà ọyẹ́ yóò mọ̀ pé ohun kan wà níbẹ̀ tó ń dúró de òjò.